Bí Bóòtù Abẹ́ Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Tí Kò Tú

Nínú ìwé wa yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan ìdílé: owó ilé, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ìlera, àti bí a ṣe ń tọ́jú ohun ìní wa. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ ọkọ̀ la fẹ́ bá yín wọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn baálé ilé tó ní ọkọ̀ ló ti ń fọwọ́ ara wọn tún nǹkan ṣe lára rẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kò kéré mọ́. Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, línkéèjì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì àti búṣì lówà-áàmù. Iṣẹ́ náà kò le lójú: ẹ ó tú bóòtù mélòó kan, ẹ ó yọ ti àtijọ́, ẹ ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi títú bóòtù yẹn gan-an ni ìjàngbọ̀n wà. Iṣẹ́ tí a rò pé yóò gba wákàtí kan láàárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ á ṣú bá a, ọkọ̀ á ṣì wà lórí jáàkì, ìyá àti àwọn ọmọ á sì wọ mọ́tò èrò lọ sí ìsìn lọ́jọ́ kejì.

Pé iṣẹ́ pẹ́ kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú ni ohun tí ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí bóòtù bá ti mú un bínú. Ẹlòmíràn á ki páìpù gígùn bọ sípánà, á fò lé e, ọkọ̀ á sì yẹ̀ kúrò lórí jáàkì. Ẹlòmíràn á tan iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà tí epo bẹtiróòlù ń gbà kọjá. Ẹlòmíràn á fipá tú u, á tún dá bóòtù tó ti bàjẹ́ padà síbẹ̀, á sì kó aya àti ọmọ lé e lórí lọ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí ṣe ń ṣẹ lábẹ́ ọkọ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé.

KÍ LÓ Ń MÚ BÓÒTÙ GAN?

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á.

Èkíní ni ìpáàrà. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irin dógùn-ún. Ìpáàrà kì í sì í ṣe àwọ̀ pupa lásán. Àyè tí ó ń gbà ju ti irin tí ó jẹ lọ. Bí ó bá wú sáàárín tíréèdì, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ara bóòtù po, yóò há bóòtù mọ́ inú nọ́ọ̀tù bí ìgbà tí a fi ègé igi há ilẹ̀kùn. Iyọ̀ ni ó sì ń mú kí ìpáàrà yára. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà ló ti rìn fún ọdún púpọ̀ ní Kánádà, ní Jámánì, tàbí ní apá ibi tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà. Bí ìgbà òtútù bá dé níbẹ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì sí i. Táyà ọkọ̀ á wá máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ lè máa dán gbinrin nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kùtọnù, kí bóòtù abẹ́ rẹ̀ sì ti gan. Afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwa tí a ń gbé lẹ́bàá òkun, ní Lẹ́kí tàbí Àgbádárìgì.

Èkejì ni pé ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn ti fún bóòtù náà jù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Nọ́ọ̀tù ti tú pátápátá, bóòtù sì ń yí, ṣùgbọ́n kò jáde. Ohun tó fà á ni pé páìpù irin kékeré kan wà láàárín rọ́bà búṣì. Inú páìpù yìí ni bóòtù gbà kọjá, ìpáàrà sì ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ń yí bóòtù, rọ́bà lẹ̀ ń lọ́, kì í ṣe bóòtù ni ẹ ń yọ.

KÍ A TÓ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi jíà sí i, kí ẹ sì fi igi há ẹsẹ̀ tí ẹ kò ní gbé sókè níwá lẹ́yìn. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tù táyà, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀.

Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè; kò wà fún gbígbé ọkọ̀ dúró. Sítáńdì onírin ni kí ẹ fi sábẹ́ ibi tó le lára ọkọ̀, kí ẹ sì mi ọkọ̀ wò kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi búlọ́ọ̀kù ilé gbé ọkọ̀ ró láé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń fọ́ yángá. Táyà tí ẹ bá yọ, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀, kí ó lè gbà á bí nǹkan mìíràn bá yẹ̀. Bí sítáńdì kò bá sí, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró títí ẹ ó fi rí i yá.

Ẹ wọ awò tó bo ojú dáadáa, nítorí ìpáàrà máa ń já bọ́ sójú ẹni tó bá dùbúlẹ̀. Kí ẹnìkan mọ̀ pé ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀, kí ó sì wà nítòsí. Ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ rárá, bó ti wù kí ó nífẹ̀ẹ́ láti máa mú sípánà wá fún bàbá rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

1. Ẹ fọ̀ ọ́ kọ́kọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ àti ìpáàrà kúrò lára tíréèdì tó yọ síta. Ara tíréèdì yẹn ni nọ́ọ̀tù yóò gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò tún há sí. Ẹ fọ orí bóòtù náà, kí sípánà lè wọ̀ ọ́ délẹ̀.

2. Ẹ fún un ní ọ́ìlì, kí ẹ sì fún un ní àkókò. WD-40 tàbí ọ́ìlì mìíràn tó máa ń wọ inú ìpáàrà ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti fín in. Ẹ fi òòlù kékeré lù ú díẹ̀díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ráyè wọlé. Ẹ tún fín in kí ẹ tó sùn, ẹ tún fín in láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fín ọ́ìlì, wọ́n á sì gbé sípánà lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì náà kò tíì dé ibi tí a rán an. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń lo epo kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ rántí pé ọ́ìlì bíréèkì ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀, àwọn méjèèjì sì lè gbaná. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ta sára díísìkì àti páàdì bíréèkì.

3. Sípánà tó bá a mu wẹ́kú. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jàpáánù, ẹ ó sábà bá nọ́ḿbà 10, 12, 14, 17 àti 19 pàdé. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì àti Faransé, ẹ ó rí 13, 16 àti 18. Sípánà tó fi díẹ̀ tóbi jù ni yóò bó orí bóòtù. Ẹ má ṣe lo sípánà fílátì fún èyí tó gan, nítorí ìhà méjì péré ló ń dì mú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhà mẹ́fà ló dára jù. Ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń dì mú lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní igun 12 a máa yọ̀ lórí bóòtù tí ìpáàrà ti jẹ igun rẹ̀.

4. Ẹ mọ apá ibi tí ẹ ń yí i sí. Bí ẹ bá kọjú sí orí bóòtù tàbí nọ́ọ̀tù, ọwọ́ òsì ni títú, ọwọ́ ọ̀tún ni fífún. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lè ṣì í, kí ó máa fún ohun tó rò pé òun ń tú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kín-ún. Ó dà bí ẹni pé kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ìyípadà kékeré yẹn ló máa ń fọ́ ìpáàrà. Ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò dún "kẹ́!" Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sósì díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ fi ọ́ìlì kún un, ẹ tún yí i sósì. Bí ó bá tú díẹ̀ tí ó sì tún ń le sí i, ẹ má ṣe fipá fà á jáde. Ẹ dá a padà sẹ́yìn kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

5. Gígùn sípánà ló ń ṣiṣẹ́ ju agbára apá lọ. Bí ènìyàn tó wọn 60 kílò bá fi gbogbo ara tẹ sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì tún tẹ èyí tó gùn ní 90, agbára ti ẹ̀ẹ̀kejì á jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí pawà-áńdù fi wúlò. Ẹ fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó jẹ́ síhà ọ̀dọ̀ ara yín. Ẹ má fò lé e. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ní láti tì í, àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ fi tì í, kí ìka má baà fọ́ bí ó bá yọ̀. Lílu orí bóòtù ní òòlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí ẹ tó fà á tún máa ń ràn án lọ́wọ́.

IBI MẸ́RIN TÓ GBA ỌGBỌ́N

Línkéèjì. Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tù rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ náà á máa bá a yí. Ẹ wo ẹnu ọ̀pá náà: ihò kékeré sábà máa ń wà níbẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ oníhà mẹ́fà, tàbí kí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú pẹlẹbẹ tí sípánà lè dì mú. Bí ihò náà bá ti bó, ẹ má ṣe dààmú. Ẹ fi ayùn irin gé ọ̀pá náà. Ohun tí a fẹ́ sọnù ni, tuntun sì sábà máa ń bá nọ́ọ̀tù tirẹ̀ wá.

Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín lápá kan ju èkejì lọ, ó sì há sínú irin tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró bí èdídí ṣe ń há sẹ́nu ìgò. Bí nọ́ọ̀tù bá tilẹ̀ tú, kò ní já bọ́. Ẹ má ṣe lu ẹnu tíréèdì rẹ̀. Ẹ fi nọ́ọ̀tù sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n tíréèdì mélòó kan, kí áàmù má baà já lu yín lójijì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù tó wúwo lu ẹ̀gbẹ́ irin tó há mọ́. Ìró òòlù ni yóò mú kí ó já. Bí irin náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má lù ú, ẹ̀rọ tí a fi ń fà á jáde ni kí ẹ lò. Fọ́ọ̀kì onílà méjì tí àwọn kan máa ń lù wọlé yóò fa rọ́bà rẹ̀ ya, nítorí náà, kìkì bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tí ẹ fẹ́ sọnù ló wà fún. Nínú ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ jókòó lórí lówà-áàmù, ẹ fi jáàkì gbé áàmù náà ró kí ẹ tó jáwọ́.

Bóòtù inú búṣì. Èyí ni bóòtù tó ń yí tí kò jáde. Bí ọ́ìlì àti òòlù kò bá ràn án, tí búṣì náà sì jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi ayùn irin gé bóòtù náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì búṣì. Ẹ ti ra bóòtù tuntun sílẹ̀ kí ẹ tó gé e o. Ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ọ̀tù tí wọ́n jó mọ́ inú irin abẹ́ ọkọ̀ ni bóòtù náà wọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣe é jù gbogbo ìyókù lọ, nítorí bí bóòtù bá kán síbẹ̀, oníwẹ́dà ni yóò gé irin ọkọ̀ kí ọwọ́ tó tó o.

Nọ́ọ̀tù àárín orí ṣọ́ọ̀kì. Níhìn-ín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń lo irú ṣọ́ọ̀kì iwájú tí wọ́n fi orúkọ Earle S. MacPherson, ẹ̀ńjíníà ará Amẹ́ríkà, pè. Ford Consul ti ọdún 1950 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975 ní in, Corolla àti Camry òde òní náà ní in. Sípíríǹgì tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an ló yí ṣọ́ọ̀kì yìí ká, nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo láàárín orí rẹ̀ ló sì dì í mú. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tù yẹn láìjẹ́ pé ẹ ti fi ẹ̀rọ ìtẹ-sípíríǹgì dì í, yóò ta jáde bí ọta ìbọn, ó sì lè pa ènìyàn. Àwọn nọ́ọ̀tù kéékèèké tó yí i ká, tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, ni kí ẹ tú. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ lódidi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ náà. Owó tí ẹ ó san kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tàbí ẹ̀mí ènìyàn.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Iná gáàsì àwọn oníwẹ́dà máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá kùnà. Bí nọ́ọ̀tù bá gbóná, á fẹ̀, ìpáàrà á sì sán. Nọ́ọ̀tù ni kí wọ́n yáná fún, kì í ṣe bóòtù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ táǹkì epo, páìpù epo, rọ́bà bíréèkì tàbí búṣì tí a kò fẹ́ pààrọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ kan ṣọ́ọ̀kì rárá, nítorí ọ́ìlì wà ní títì pa nínú rẹ̀, gáàsì sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó lè bú gbàmù. Ẹ nu gbogbo ọ́ìlì tí ẹ ti fín kúrò kí iná tó débẹ̀, kí ohun tí a fi ń paná sì wà nítòsí. Bóòtù tàbí nọ́ọ̀tù tí iná bá ti mú pọ́n, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Agbára tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ ti jáde.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ A JÁWỌ́

Bí orí bóòtù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹ dúró. Bí ẹ bá ń fà á tí ó sì rọ̀ lójijì bí gọ́ọ̀mù, tí kò dún "kẹ́", bóòtù ti ń lọ́, ó fẹ́ kán, ẹ dúró. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ó ti rẹ̀ yín, tí inú sì ti ń bí yín, ẹ fín ọ́ìlì sí i, kí ẹ wọlé lọ jẹun. Kì í ṣe ohun ìtìjú láti pe mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà tí bóòtù kò tíì kán sínú ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣì kéré.

BÍ A BÁ Ń DÁ A PADÀ

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí bóòtù bá tú. Ibí yìí ni ààbò ìdílé wà.

Ẹ wo orí bóòtù àtijọ́. Ẹ ó rí 8.8 tàbí 10.9 tí wọ́n tẹ̀ sí i. Agbára rẹ̀ ni nọ́ḿbà yìí ń sọ: èyí tó jẹ́ 8.8 lè gba ẹrù bíi 80 kílò lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó já, èyí tó jẹ́ 10.9 á gba bíi 100. Bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Gate ní Ìbàdàn, nọ́ḿbà kan náà ni kí ẹ béèrè, kí gígùn àti tíréèdì rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu. Bóòtù tí kò ní nọ́ḿbà kankan lórí kò yẹ lábẹ́ ọkọ̀, bó ti wù kí ó dán tó.

Nọ́ọ̀tù tó ní òrùka ọ̀rá nínú, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó. Sípílíìtì-píìnì náà, tuntun ni. Ẹ fi gíríìsì pa ara bóòtù tó dán, níbi tó ti kọjá nínú búṣì, kí ó má baà tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi sí tíréèdì, nítorí gíríìsì a máa jẹ́ kí a fún bóòtù ju bó ti yẹ lọ láìmọ̀. Bóòtù inú búṣì, ẹ kàn fún un díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. Ìgbà tí táyà bá ti padà sílẹ̀, tí ọkọ̀ sì jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ni kí ẹ tó fún un le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni rọ́bà búṣì yóò wà ní lílọ́ nígbà gbogbo, yóò sì tètè ya.

Ẹ fún nǹkan bó ti yẹ, kí ẹ má fún un jù. Nọ́ọ̀tù táyà ọ̀pọ̀ Camry, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ Newton-mítà 103. Ìyẹn dà bí kí ẹ fi nǹkan bí 35 kílò tẹ sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ kò ní láti gun orí rẹ̀. Bí ẹ bá lè yá sípánà tó ń wọn agbára, ó dára púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà nìkan wa ọkọ̀ náà wò ní àdúgbò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó yà sọ́tùn-ún àti sósì, kí ó sì tẹ́tí sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó padà wálé, kí ó tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù tó tú. Kí ó gbé ọkọ̀ lọ fún aláìnímẹ́ǹtì, nítorí táyà lè má dojú kọ ibi tó yẹ mọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ti rin nǹkan bí kìlómítà 100, kí ó tún yẹ nọ́ọ̀tù táyà wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, nígbà náà ni kí ó tó pe ìyá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n wọlé sínú ọkọ̀.